Àyà pẹrẹsẹ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ọmú: kí la lè ṣe fún àwọn tí kò fẹ́ ọmú àtúnṣe?

Ìyá_Adùkẹ́_Ìbàdàn:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ìbéèrè ni mo gbé wá, pàápàá sọ́dọ̀ ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin aránṣọ àti ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú oríkèé.

A fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ kékeré kan ládùúgbò wa. Obìnrin mẹ́sàn-án ló ti forúkọ sílẹ̀. Gbogbo wọn ni wọ́n ti gé ọmú fún nítorí jẹjẹrẹ, méje ní ẹ̀gbẹ́ kan, méjì ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Kò sí ọ̀kan tó fẹ́ kí wọ́n ṣe òmíràn sí i. Ti àwọn kan, owó ni. Àwọn yòókù kò fẹ́ kí ọ̀bẹ tún kan ara wọn mọ́. Ohun tó ń dùn wọ́n ju ọgbẹ́ lọ ni pé gbogbo ayé ń bá wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni tí iṣẹ́ abẹ rẹ̀ kò tíì parí. “Ìgbà wo ni wọ́n máa tún un ṣe?” Ọ̀kan nínú wọn kì í lọ sóde mọ́ nítorí aṣọ kì í jókòó lára rẹ̀. Òmíràn kò tíì wo àyà ara rẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti tú báńdéèjì.

Báwo la ṣe lè ṣe ọmú àtọwọ́dá tí kò ní wọ́n, tí kò sì ní pa ojú àpá lára? Apá tó ń wú ńkọ́? Kí la máa sọ fún ọkọ, ọmọ àti ará ilé? Ta ló yẹ ká pè sí ìpàdé àkọ́kọ́? Àdúrà ń lọ lọ́wọ́, a dúpẹ́. Ohun tí ọwọ́ lè ṣe ni mo ń béèrè.

Nọ́ọ̀sì_Wúrà:

Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá Adùkẹ́. Ohun tó yẹ kí gbogbo wọn kọ́kọ́ gbọ́ ni pé kò di ìgbà tí wọ́n bá tún ọmú ṣe kí iṣẹ́ abẹ tó pé. Ọmú àtúnṣe kì í dènà kí àrùn padà, àìṣe é kì í sì í mú un padà. Ẹni tó bá sì yí ọkàn padà lẹ́yìn ọdún mélòó kan ṣì lè béèrè fún un. Ẹ sọ èyí lójú àwọn ọkọ àti àwọn ìyá ọkọ, kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu òṣìṣẹ́ ìlera.

Orúkọ wà fún ohun tí àwọn obìnrin wọ̀nyí fẹ́. Ní 2020, National Cancer Institute, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ, fi “aesthetic flat closure” sínú ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ wọn. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé kí oníṣẹ́ abẹ yọ awọ, ọ̀rá àti ẹran tó bá ṣẹ́ kù, kó wá fa awọ náà kó tẹ́ mọ́ àyà dáadáa. Àwọn oníṣẹ́ abẹ kan máa ń fi awọ sílẹ̀ pé bóyá obìnrin náà á yí ọkàn padà. Awọ yẹn á sọ̀ kalẹ̀, òógùn á máa gbá jọ síbẹ̀, á sì máa bó. Ìwádìí kan tó jáde ní 2021 bi obìnrin 931 tí kò tún ọmú ṣe léèrè ọ̀rọ̀: 74 nínú 100 ló ní bí àyà àwọn ṣe rí tẹ́ àwọn lọ́rùn, ṣùgbọ́n 22 nínú 100 ló ní oníṣẹ́ abẹ kò ti àwọn lẹ́yìn, tàbí kò tilẹ̀ fi í lọ̀ wọ́n, tàbí ó mọ̀ọ́mọ̀ fi awọ sílẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí kò tíì wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, kó sọ ọ́ lẹ́nu, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé àṣẹ kó tó fọwọ́ sí i. Ẹni tí wọ́n ti ṣe tiẹ̀, tí ẹran kan yọ gọ́ńgọ́ lábẹ́ abíyá níbi tí ìlà àpá parí sí, kó mọ̀ pé oúnjẹ kọ́ ló fà á. Ó wọ́pọ̀ lára ẹni tó bá sanra, iṣẹ́ abẹ kékeré sì lè gé e kúrò nígbà tí àpá bá ti rọ̀, ó kéré tán lẹ́yìn oṣù mélòó kan.

Ti ẹni tí kò tíì wo àyà rẹ̀: ẹ má fà á síwájú dígí. Ọwọ́ ni kó ṣáájú ojú. Kó fọ ọwọ́, kó jókòó sórí ibùsùn nínú yàrá tó ti ilẹ̀kùn rẹ̀, kó fi àtẹ́lẹwọ́ lé àyà lórí aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kó mí kanlẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Ìyẹn ti tó fún ọjọ́ kan. Nígbà míì, kó ti ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ. Á rí i pé ibì kan kú bí ẹni fọwọ́ kan ara ẹlòmíràn, ibòmíràn sì ń ta á ṣìnṣìn. Kò sí ohun tó bàjẹ́: iṣan ìmọ̀lára àyà àti abíyá ni wọ́n gé tàbí tí wọ́n fà. Ó tún lè máa ṣe é bíi pé ọmú ṣì wà níbẹ̀ tó ń yún un. Kì í ṣe pé orí rẹ̀ dàrú. Lẹ́yìn ìyẹn ni kó wá mú dígí kékeré, irú èyí tí a fi ń lé tìróò, kó wo ibi tó fẹ̀ tó ìka mẹ́ta péré. Ìlà ni yóò rí, láti ẹ̀gbẹ́ egungun àárín àyà lọ sí abẹ́ abíyá, tó ṣú díẹ̀, tó sì le. Dígí gígùn ló kẹ́yìn. Bí ó bá fẹ́ kí ẹnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, òun fúnra rẹ̀ ni kó yan ẹni náà.

Àpá: awọ tiwa máa ń wú. Nígbà tí ojú ọgbẹ́ bá ti dí pátápátá, tí kò sí èépá kankan mọ́, ó sábà máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, kó fi òrí lásán pa á, kó fi ìka méjì yí i róbótó-róbótó fún ìṣẹ́jú márùn-ún láàárọ̀ àti lálẹ́. Ewé, eérú, ọtí àti báàmù tó ń jóni kò gbọ́dọ̀ kàn án. Bó bá ń wú kọjá ìlà, tó ń yún un, dókítà lè fún un ní bébà sílíkónì tàbí gún abẹ́rẹ́ sínú àpá náà. Ẹni tó ń gba ìtọ́jú onítànṣán (radiotherapy) lọ́wọ́ kò gbọ́dọ̀ fi nǹkan kan pa á àfi ohun tí wọ́n bá ní kó lò níbẹ̀.

Bí omi bá gbá jọ sábẹ́ awọ, tó ń mì bí omi inú náílọ́ọ̀nù nígbà tí ẹ bá fọwọ́ kàn án, ilé ìwòsàn ni wọ́n ti ń fi síríńjì fà á. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gún un nílé. Lóṣooṣù, kí obìnrin náà fi ìka tẹ gbogbo àyà àti abíyá. Kókó líle, tàbí egbò kékeré lórí àpá tí kò jiná lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kó gbé e lọ han dókítà, nítorí àrùn lè padà sára àyà pẹrẹsẹ náà.

Aránṣọ_ÒkèBọ́là:

Ẹ kú ìfẹ́ o. Ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ ti ọmú àtọwọ́dá àti ti aṣọ.

Kí ojú ọgbẹ́ tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, èyí tó fúyẹ́ nìkan ni kó wọ̀: aṣọ òwú rírọ̀ tí ẹ ki fáíbà ìrọ̀rí sí. Kò gbọ́dọ̀ ní ìwúwo rárá. Lẹ́yìn ìgbà yẹn, ẹni tí ọmú kan kù fún nílò ìwúwo, nítorí bí ẹ̀gbẹ́ kan bá fúyẹ́, kọ́mú á máa gun òkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, á sì máa fà á ní gbogbo ọjọ́.

Bí ẹ ṣe máa mọ ìwọ̀n nìyí. Ẹ bu omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kún abọ́ jíjìn dé ẹnu, ẹ gbé abọ́ náà sínú báàsì gbígbẹ. Kí obìnrin náà bẹ̀rẹ̀, kó ti ọmú tó kù bọ inú abọ́ títí etí abọ́ á fi kan àyà. Omi tó dà sínú báàsì ni kí ẹ fi ife oníwọ̀n wọ̀n. Bó bá jẹ́ mílílítà 450, ọmú náà á wúwo tó nǹkan bíi gíráàmù 450. Ẹ jẹ́ kí àtọwọ́dá fúyẹ́ díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, bíi 350 sí 400, torí pé èyí tó wà nínú kọ́mú, okùn èjìká ló ń gbé e.

Ẹ gé aṣọ síngílẹ̀tì funfun sí róbótó méjì. Èyí tó máa kọjú síta, ẹ jẹ́ kó fi sẹ̀ǹtímítà 3 fẹ̀ ju èyí tó máa kan àyà lọ yíká, kí ẹ ṣẹ́ etí rẹ̀ kó lè yọ bíi ìdérí ìkòkò. Ẹ ki fáíbà sí i. Ẹ rán àpò kékeré kan lọ́tọ̀ fún ohun tó wúwo, ẹ fi sí ìsàlẹ̀, sí ẹ̀gbẹ́ tó kan àyà. Bó bá wà níwájú, gbogbo rẹ̀ á dojú kọlẹ̀. Àwọn kan ń lo ìrẹsì tàbí ẹ̀wà. Ìrẹsì ń fa òógùn, ó ń rùn, kòkòrò sì ń wọ ẹ̀wà. Ọkà bàbà tí ẹ sá gbẹ dáadáa sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀ rẹ̀. Èyí tí mo fọwọ́ sí jù ni ìlẹ̀kẹ̀ kéékèèké onígíláàsì: ó wúwo, kì í fa omi, ẹ lè fọ̀ ọ́, kì í sì í jẹrà. Ẹ rán àpò rẹ̀ ní ìlọ́po méjì kó má baà tú.

Kọ́mú: kó má ní wáyà, kí ìgbànú abẹ́ rẹ̀ fẹ̀, kí okùn èjìká náà fẹ̀. Ẹ gé aṣọ síngílẹ̀tì tó fi sẹ̀ǹtímítà 2 tóbi ju ife kọ́mú lọ yíká, ẹ fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ rán an mọ́ inú ife, kí ẹ fi ẹnu tó tó sẹ̀ǹtímítà 10 sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ abíyá. Ẹ má fi ẹnu náà sókè, torí bó bá bẹ̀rẹ̀ láti gbálẹ̀, ó lè yọ jáde. Kókó okùn kò gbọ́dọ̀ wà níbi tó máa kan àpá. Èyí tí wọ́n fi sílíkónì ṣe ní ilé iṣẹ́ dára, àmọ́ ó ń gbóná lójú oòrùn wa, nítorí náà kí aṣọ òwú wà láàárín òun àti awọ. Kó fi ọṣẹ tí kò le fọ̀ ọ́ lálẹ́, kó má fi sínú ọkọ̀ tó wà lóòrùn, kó má sì gbà kí píńnì gèlè tàbí ti ìborùn gún un.

Aṣọ ni ọ̀pọ̀ aránṣọ ti ń ṣe àṣìṣe. Ẹ má fi tépù yí àyà lẹ́ẹ̀kan kí ẹ wá pín in sí méjì. Ẹ wọn ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀: láti èjìká wá sí ìlà abẹ́ ọmú, àti láti àárín àyà lọ sí abẹ́ abíyá. Ẹ̀gbẹ́ tó tẹ́ á kúrú. Ẹ yọ ìṣẹ́po tí a fi ń yọ ọmú kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ aṣọ á ṣe àpò òfìfo níbẹ̀, ojú gbogbo èèyàn ibẹ̀ ló sì máa lọ. Ọrùn bùbá: ẹ dín in kù díẹ̀, torí pé nígbà tó bá tẹ̀ síwájú láti kúnlẹ̀ kí àgbà, ọrùn tó fẹ̀ á là sílẹ̀. Àǹkárá tàbí àdìrẹ tí àwòrán rẹ̀ tóbi ń tan ojú jẹ ju aṣọ aláwọ̀ kan lọ. Lẹ́ẹ̀sì tó ṣeé rí wò, ẹ fi àwọ̀tẹ́lẹ̀ sí i.

Ohun kan tó yẹ kí ẹ kọ̀ fún mi gidigidi ni kọ́sẹ́ẹ̀tì aṣọ ẹbí tó ní egungun ike. Ibi tí egungun yẹn ti ń tẹ̀ ni ibi tí awọ ti kú. Kò ní mọ̀ pé ó ń dun òun. Ìgbà tó bá bọ́ ọ lálẹ́ ló máa rí i pé ara ti bó.

Olùtọ́jú_Oríkèé:

Gbogbo ohun tí wọ́n sọ dára, ṣùgbọ́n ẹ má fojú kéré apá. Ẹni tí èjìká rẹ̀ bá gan kò ní lè wé gèlè fúnra rẹ̀, kò ní lè há kọ́mú lẹ́yìn, kò sì ní lè gbé apá sókè orí lórí tábìlì ìtọ́jú onítànṣán, níbi tí kò ti gbọ́dọ̀ mira. Ìbẹ̀rù ló ń fà á: obìnrin á gbá apá mọ́ra bí ẹni há adìyẹ mọ́ abíyá, èjìká á tẹ̀ síwájú, ẹran àyà á sì súnkì.

Láti ọjọ́ kejì iṣẹ́ abẹ: kó máa di ẹ̀ṣẹ́ kó sì tú u, kó máa ká ìgbọ̀nwọ́, kó máa yí èjìká sẹ́yìn, mẹ́wàá mẹ́wàá, lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́. Níwọ̀n ìgbà tí rọ́bà tó ń fa omi bá ṣì wà lára, kí ìgbọ̀nwọ́ má kọjá èjìká. Wọ́n sábà máa ń yọ rọ́bà náà nígbà tí omi wákàtí 24 kò bá tó mílílítà 30 mọ́ fún ọjọ́ méjì léra wọn. Lẹ́yìn náà, tí dókítà bá ti gbà, kó kọjú sí ògiri, kó jẹ́ kí ìka máa gùn ún bí èèrà, kó dúró níbi tó bá fà á, kó ka mẹ́wàá, kó sì sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀ẹ̀márùn-ún láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀márùn-ún lálẹ́. Kó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tó dé, kó kọ ọjọ́ sí i. Kó fà á kò burú. Bó bá gún un bí ọ̀bẹ, kó dúró. Gígún iyán, fífọ aṣọ púpọ̀ àti gbígbé garawa omi, kó fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kó wá máa fi díẹ̀díẹ̀ padà sí i.

Bí nǹkan bí okùn tín-ín-rín bá le lábẹ́ awọ láti abíyá lọ sí ìgbọ̀nwọ́, kì í ṣe àsàsí. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fọwọ́ kan abíyá, fífà tí kò le sì ń tú u. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń wọ́ra fi ipá já a.

Apá wíwú: bí wọ́n bá yọ àwọn kókó abíyá tó ń sẹ́ omi ara, ọ̀nà tí omi ara ń gbà lọ ti dínkù, ó sì lè wú lẹ́yìn oṣù tàbí ọdún. Ọjọ́ kìíní oṣù, kí ẹ fi tépù aránṣọ wọn apá méjèèjì: ọrùn ọwọ́, sẹ̀ǹtímítà 10 sísàlẹ̀ ìgbọ̀nwọ́, sẹ̀ǹtímítà 10 sókè rẹ̀. Kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ibi tó dọ́gba tẹ́lẹ̀ bá fi sẹ̀ǹtímítà 2 yàtọ̀, kó lọ rí olùtọ́jú oríkèé lọ́sẹ̀ yẹn. Òrùka tó há àti apá tó wúwo a máa ṣáájú. Ẹ má fi rọ́bà tàbí báńdéèjì lásán dì í. Ìbọ̀wọ́ afúnra tó wà fún un, wọn ní láti wọn apá kí wọ́n tó fún un. Kó wọ ìbọ̀wọ́ nígbà tó bá ń họ ẹja, kó máa fi òrí pa awọ, kí wọ́n máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru kí wọ́n sì máa gún abẹ́rẹ́ ní apá kejì bó bá ṣeé ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sín gbẹ́rẹ́ sí apá yẹn, ohun yòówù kí wọ́n sọ. Ojú gbẹ́rẹ́ ni kòkòrò àrùn ń gbà wọlé. Bí apá bá pọ́n, tó gbóná, tí ibà dé, ọjọ́ yẹn gan-an ni kó lọ sí ilé ìwòsàn.

Ìyá_Adùkẹ́_Ìbàdàn:

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Ó ku méjì: ọkọ ọ̀kan nínú wọn ti kó lọ sun yàrá kejì láti ìgbà iṣẹ́ abẹ, kò sì sọ ìdí. Àwọn méjì tí wọ́n gé ọmú méjèèjì fún ńkọ́, ṣé dandan ni kí wọ́n wọ nǹkan?

Àǹtí_Bísí_Peckham:

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ìyá Adùkẹ́. Ìmọ̀ràn àti ẹgbẹ́ ni iṣẹ́ tèmi níbí.

Ọ̀pọ̀ ọkọ tó sá lọ yàrá kejì, ẹ̀rù ló ń bà á pé òun á pa á lára, ìyàwó sì rò pé ó kọ òun. Kí nọ́ọ̀sì pè é wọlé lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń wo ojú àpá, bí ìyàwó bá gbà. Kí ìyàwó fi ọwọ́ ọkọ hàn án ibi tí kò dùn ún, ibi tó kú àti ibi tí kò fẹ́ kí wọ́n kàn. Kí ọkọ sùn sí ẹ̀gbẹ́ tí wọn kò gé, kí ìrọ̀rí pẹlẹbẹ wà láàárín. Kó lè wọ síngílẹ̀tì sùn bó bá fẹ́. Kẹmó, ìyẹn oògùn líle tí wọ́n fi ń pa jẹjẹrẹ, àti oògùn tí wọ́n ń lò lẹ́yìn rẹ̀ lè mú kí ojú ara gbẹ, kó máa dun obìnrin. Ìpara olómi tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn wà fún un, ṣùgbọ́n kó má lo èyí tó ní èròjà obìnrin (estrogen) láìbi dókítà.

Fún ọmọ kékeré: “Ibi tí àìsàn wà ni wọ́n yọ. Kì í ràn. Ẹ lè gbá mi mọ́ra lẹ́gbẹ̀ẹ́ yìí.” Fún ará ilé tó ń béèrè ìgbà tí wọ́n máa tún un ṣe: “Iṣẹ́ abẹ mi ti parí. Bí mo ṣe fẹ́ kó rí nìyí.” Kí wọ́n fi í kọ́ ẹnu nípàdé: kí ẹnì kan ṣe ìyá ọkọ, kí ẹnì kan ṣe aládùúgbò, kí ẹni kẹta dáhùn. Ọ̀rọ̀ tí ẹnu ti mọ̀ ló ń yá lójú ọjà.

Ìpàdé àkọ́kọ́: nọ́ọ̀sì àti aránṣọ ni kí ẹ pè, kó má kọjá wákàtí kan àbọ̀. Ẹ má ní kí ẹnikẹ́ni ṣí àyà. Bí ẹnì kan bá fẹ́ fi tirẹ̀ hàn, kó kọ́kọ́ bi àwọn yòókù bóyá wọ́n fẹ́ rí i. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ta àgbo níbẹ̀. Ẹ so ẹni tuntun mọ́ ẹni tó ti pé ọdún kan, kí wọ́n máa pe ara wọn. Kí ẹ sì ti bá ara yín sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ bí ẹ ṣe máa ṣe bí àrùn ẹnì kan bá padà, torí ọjọ́ yẹn ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ń tú ká. Ẹni tí kò sùn, tí kò jẹun fún ọ̀sẹ̀ méjì, tó ń sọ pé ikú sàn, ẹ gbé e lọ sí ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ. Ẹ má dá a dá ilé.

Ẹ kàn sí BRECAN, ẹgbẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ ọmú, tí Betty Anyanwu-Akeredolu dá sílẹ̀ ní 1997 lẹ́yìn tí jẹjẹrẹ ọmú ṣe òun náà. Ní Èkó, C.O.P.E., ẹgbẹ́ mìíràn fún àwọn tó ní jẹjẹrẹ ọmú, ti wà láti 1995. Ẹni tó bá ní ọmọ tàbí àbúrò ní Britain, ẹgbẹ́ Flat Friends ń gba irú àwọn obìnrin wọ̀nyí, NHS, ètò ìlera ìjọba ibẹ̀, sì ń fún wọn ní ọmú àtọwọ́dá. Kí wọ́n béèrè àwọ̀ tó dúdú tó ara wọn, kí wọ́n má gba èyí tó funfun.

Aránṣọ_ÒkèBọ́là:

Ti àwọn méjì yẹn: kò sí dandan. Ọmú méjèèjì ti lọ, nítorí náà kò sí ẹ̀gbẹ́ tó máa fa èkejì. Ẹni tó bá fẹ́ wọ̀ ọ́ fún òde, fáíbà fífúyẹ́ tó, kó sì yan ìwọ̀n tó wù ú. Ẹni tí kò fẹ́, ẹ jẹ́ kí n rán bùbá tó bọ́ sílẹ̀ gbọọrọ láti èjìká fún un, kí ọrùn rẹ̀ ga díẹ̀, kí ẹ fi iṣẹ́ ọnà yí ọrùn náà ká.

Tí ẹ bá ti mú ọjọ́, ẹ fi tó mi létí níbí. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú kọ́mú méjì wá, ọ̀kan tó ti gbó àti ọ̀kan tó ń wọ̀ lọ́wọ́, pẹ̀lú síngílẹ̀tì funfun kan. Tó gbó la máa fi kọ́ ọwọ́.